Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Tí Kò Jí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ẹ̀yin tí a ń ka ìwé ìròhìn yìí sí létí ní ilé-ìkàwé Agbówà àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹja. Ẹ̀rọ kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí ó ti wọ ilé púpọ̀ láàárín wa: kọ̀ǹpútà àgbéká, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Ohun tí ó mú wa yàn án ni pé ní àìpẹ́ yìí, ó kù díẹ̀ kí ìwé ìṣirò ọdún 9 ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan parẹ́ ráúráú, nítorí bátìrì kan tí kò tóbi ju owó wẹ́wẹ́ lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì péré kí wọ́n pín èrè ọdún fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó wọ ilé-ìkàwé wá, ó fi aṣọ wé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Nǹkan wà, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yìí ti kú láti àná. Mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n lọ mú owó wá, òun yóò fọ inú rẹ̀ mọ́, òun yóò sì tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé, orúkọ àwọn ènìyàn àti owó wọn ń kọ́? Ó ní èyí tí ó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.”

“Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kò fi í sílẹ̀ fún un. Ṣé ẹ ní ẹ̀dà ìwé náà ní ibòmíràn?”

“Inú rẹ̀ nìkan ni ó wà.”

Kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ sọ fún bàbá, òun náà ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń gbọ́ wa dì mú. Ọ̀tọ̀ ni kí kọ̀ǹpútà má jí, ọ̀tọ̀ ni kí ìwé inú rẹ̀ ṣègbé. Bí kọ́kọ́rọ́ bá há sínú àgádágodo, tí ilẹ̀kùn kò ṣí, ẹrù inú yàrá kò tí ì lọ sí ibì kan. Inú kọ̀ǹpútà, ibi tí a ń kó ìwé pamọ́ sí ni a ń pè ní háàdì dísìkì. Ó jẹ́ ẹ̀yà kan lọ́tọ̀, a lè tú u kúrò, a lè gbé e sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí a sì ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Bátìrì lè kú, ojú ẹ̀rọ lè fọ́, ṣájà lè jóná, kí háàdì dísìkì máa wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́máàtì, háàdì dísìkì gan-an ni ó máa ń nù nù. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà kò jí, ó ti dáná sun yàrá nítorí pé ilẹ̀kùn há.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba ohùn àwọn àgbàlagbà kan sílẹ̀ lórí ọjà Èjìnrìn, ọjà ńlá tí àwọn ará Èkó àti àwọn ará Ìjẹ̀bú ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ní ayé àtijọ́. Kọ̀ǹpútà tí mo kó o sí kọ̀ láti jí, mo gbé e fún ẹnì kan, n kò béèrè ohunkóhun, ó sì dá a padà fún mi ní ọjọ́ kejì, ó ń dán gbinrin, òfìfo ni inú rẹ̀. Méjì nínú àwọn àgbàlagbà náà ti dolóògbé báyìí. Ohùn wọn kò sí mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ bàbá. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni kí a mọ irú àìjí tí ó jẹ́, nítorí pé kò tó kí a máa sọ pé “ó ti kú” lásán. Òmíràn wà tí kò ní iná kankan lára, tí fáànù inú rẹ̀ kò dún, bí ẹni pé igi ni. Òmíràn wà tí iná rẹ̀ ń tàn, tí fáànù ń yí, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú kirimú. Òmíràn a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é hàn, a sì dúró síbẹ̀, tàbí kí ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sójú. Òmíràn sì ń jí dáadáa, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan a pa ara rẹ̀. Àrùn wọn kò rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni oògùn wọn. Ti bàbá jẹ́ irú ti àkọ́kọ́: kò mí, kò gbin.

Níbi tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ pátápátá, ọ̀dọ̀ iná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Ibùdó iná Egbin wà létí ọ̀sà ní apá Ìkòròdú yìí, láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ṣí i, mẹ́gáwáàtì 1,320 ni a sì kọ́ ọ láti máa pèsè. Ṣùgbọ́n kí odò súnmọ́ ilé kì í ṣe pé omi ti dé inú àmù. Gbogbo wa ni a mọ bí iná ti ń ṣe wá, tí ó ń ṣe lọ. Nítorí náà, ẹ ki ṣájà fóònù tàbí àtùpà bọ ojú iná kan náà láti mọ̀ bóyá iná ń bẹ níbẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: fíúsì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ti jó, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wo wáyà láti òkè dé ilẹ̀, pàápàá níbi tí ó ti wọ inú ṣájà àti ní ẹnu rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ó máa ń ṣẹ́ sí, àwọn eku ilé sì fẹ́ràn láti máa jẹ ẹ́.

Àwọn ṣájà kan ní iná kékeré lára. Bí iná yìí kò bá tàn rárá nígbà tí púlọ́ọ̀gì wà lójú iná, ṣájà ni aláìsàn. Bí ó bá ń tàn nígbà tí ó dá wà, ṣùgbọ́n tí ó kú bí ẹ ti kì í bọ kọ̀ǹpútà, inú kọ̀ǹpútà ni iná ti ń pàdé ara wọn níbi tí kò yẹ; ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀ mọ́, àfi bí ọwọ́ atúnẹ̀rọ-ṣe bá tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó máa ń yá ṣájà ẹlòmíràn, nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tí a kọ INPUT sí, ẹ ó sábà máa rí 100–240V. Ìyẹn ni ìwọ̀n iná ilé tí ó lè gbà, ìdí sì nìyẹn tí iná tí ó wálẹ̀ díẹ̀ kì í fi í pa ṣájà kọ̀ǹpútà bí ó ti ń pa fíríìjì. Iná tí ó bá ga kọjá ààlà ni ọ̀tá rẹ̀. Níbi tí a kọ OUTPUT sí ni iná tí ó ń fún kọ̀ǹpútà wà, bíi 19V àti 3.42A. Ẹ fi ọkàn yàwòrán tánkì omi: V dà bí gíga tánkì náà, tí ó ń ti omi jáde, A dà bí ìwọ̀n omi tí páìpù lè gbé wá. V ti ṣájà tí ẹ fẹ́ yá gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀rọ yín mu, nítorí tánkì tí ó ga jù yóò bẹ́ páìpù. Ní ti A, kí ó bá a mu tàbí kí ó jù ú lọ. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀rọ lè máà jí, tàbí kí ṣájà gbóná girigiri. Ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ dáadáa, láìfi agbára tì í. Àwọn kọ̀ǹpútà titun kan ń lo ẹnu pẹlẹbẹ kan náà pẹ̀lú ti fóònù, ṣùgbọ́n ṣájà fóònù kékeré kò ní agbára láti jí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ṣájà bàbá ń tàn. Fíúsì rẹ̀ pé. Iná dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ kò sì gbà á.

Nígbà náà ni mo ṣe ohun kan tí ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí ó dúró tì wá. Mo yọ ṣájà. Mo dojú ẹ̀rọ dé, mo sún ìdè bátìrì rẹ̀ méjèèjì, mo yọ bátìrì náà. Mo wá di bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí mo fi ka 30. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yà kékeré kan wà tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iná, bí ọlọ́dẹ. Ó ń mu iná díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Bí iná bá ṣẹ́jú tàbí tí ó bá ga lójijì, orí ọlọ́dẹ yìí lè dàrú, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Bí a bá yọ gbogbo iná, tí a tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, iná díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sára rẹ̀ yóò tán, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá tún fún un ní iná. Bí bátìrì ẹ̀rọ yín bá jẹ́ irú èyí tí a dè mọ́ inú, ẹ má ṣe tú u. Ẹ yọ ṣájà nìkan, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ bákan náà. Àwọn mìíràn ní ihò tín-ín-rín kan ní ìsàlẹ̀ fún iṣẹ́ yìí kan náà, tí abẹ́rẹ́ yóò wọ̀.

Mo dá ṣájà padà láìfi bátìrì sí i, mo tẹ ẹ́. Fáànù dún. Bàbá fò sókè lórí àga.

“Ó ti jí!”

“Bàbá, ẹ ní sùúrù. Ó la ojú ni, kò tí ì sọ̀rọ̀.”

Òótọ́ ni, nítorí pé ohun tí ó jáde lójú rẹ̀ ni lẹ́tà funfun lórí dúdú: No bootable device. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ti wá ibi tí yóò ti rí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kà, kò sì rí i. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù, òun ni ó sì ń mú kí wọ́n fọ́máàtì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láìnídìí. Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fà á, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì burú.

Àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé fláàṣì tàbí káàdì kan wà lára ẹ̀rọ, tí ó ń gbìyànjú láti jí láti ara rẹ̀ dípò háàdì dísìkì. Ẹ yọ gbogbo ohun tí a kì bọ ara rẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Mo yọ fláàṣì orin Jùjú kan lára ti bàbá (ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun ni ó fi í sí i), ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tún jáde.

Èkejì ni ó jẹ́ ti bàbá. Ní ojú ìwé ètò ìpìlẹ̀, tí àwọn atúnẹ̀rọ-ṣe ń pè ní BIOS, a máa ń kọ déètì àti aago sí i. A ń wọ ibẹ̀ nípa títẹ bọ́tìnnì kan léraléra bí ẹ̀rọ ti ń tàn. Fún àwọn kan F2 ni, fún àwọn mìíràn F10, Esc tàbí Delete. Nígbà tí a dé ibẹ̀, déètì tí ó wà níbẹ̀ ti padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bátìrì kékeré rogodo kan wà, pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa rán ẹ̀rọ létí déètì àti àwọn ètò tí a ṣe fún un, nígbà tí iná mìíràn kò sí. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó máa ń kú. Bí ó bá kú, tí bátìrì ńlá náà sì gbẹ, ẹ̀rọ yóò gbàgbé ohun gbogbo, yóò sì padà sí ètò tí wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó to kọ̀ǹpútà bàbá ní ìjelòó ti ṣètò pé kí ó máa jí ní ọ̀nà ti àtijọ́, tí a kọ ní Legacy. Nígbà tí ó gbàgbé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà titun, tí a kọ ní UEFI, kò sì rí ohunkóhun níbẹ̀. Háàdì dísìkì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ hàn ketekete lójú ìwé náà. Ọ̀nà ilé ni ó ṣì mú.

Mo yí Legacy padà, mo tọ́jú rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún tàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àwòrán ọmọ-ọmọ bàbá jáde lójú rẹ̀, ìwé ìṣirò sì wà níbi tí ó fi í sí. Bàbá kò sọ ohunkóhun. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í padà.

Ẹ kíyèsí i pé bí orúkọ háàdì dísìkì kò bá hàn lójú ìwé ètò náà, ìyẹn ni ìdí kẹta, òun ni ó le jù. Ó lè jẹ́ pé ó mì kúrò ní àyè rẹ̀, pàápàá bí ẹ̀rọ bá ti bọ́ sílẹ̀ tàbí tí a gbé e lórí ọ̀kadà. Atúnẹ̀rọ-ṣe lè tì í padà. Ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń kú lọ. Bí ẹ bá gbọ́ kí ó máa ta kọ́-kọ́-kọ́ nínú ẹ̀rọ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì tàn án mọ́. Nínú háàdì dísìkì irú ti àtijọ́, abẹ́ tín-ín-rín kan ni ó ń fò lórí àwo tí ń yí. Bí ó bá ti ń kọlù ú, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tàn ni ó ń ha ìwé yín dànù. Ẹni tí ó bá ń sọ pé “ẹ jẹ́ kí a tún gbìyànjú rẹ̀ wò” nígbà tí ẹ̀rọ ń dún bẹ́ẹ̀, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tí ó rò pé àìmọ̀ àwa ará ìletò ni ó ń fa irú wàhálà yìí, kí wọ́n rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ CrowdStrike, tí ń ta ètò ìdáàbòbò fún kọ̀ǹpútà, fi fáìlì kan tí ó ní àléébù ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri ayé. Microsoft ṣírò pé kọ̀ǹpútà tí ó tó mílíọ̀nù 8.5 ni ó kọ̀ tí kò jí mọ́, tí ojú wọn di àwọ̀ búlúù. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, ilé ìwòsàn àti báńkì dá iṣẹ́ dúró. Kí ni wọ́n fi wò ó? Wọn kò fọ́máàtì mílíọ̀nù 8.5. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn, wọ́n ń jí i ní ọ̀nà ìṣọ́ra tí a ń pè ní Safe Mode, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé kìkì ohun tí kò lè ṣe aláìní dìde, wọ́n sì ń pa fáìlì kan ṣoṣo náà rẹ́.

Ọ̀nà yìí kan náà ṣí sílẹ̀ fún yín. Kọ̀ǹpútà tí ó ní Windows 10 tàbí 11, bí ó bá gbìyànjú láti jí léraléra tí kò ṣeé ṣe, yóò fúnra rẹ̀ ṣí ojú ìwé àtúnṣe kan sílẹ̀. Startup Repair ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn níbẹ̀, Safe Mode sì tẹ̀lé e. Bí ẹ bá dé ibi tí a kọ Reset this PC sí, ẹ dúró kí ẹ kà á dáadáa: Keep my files yóò dá ìwé yín sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò yọ àwọn ètò iṣẹ́ tí ẹ fi sí i, Remove everything yóò nu gbogbo rẹ̀.

Ohun kan tún kọ́ àwọn ènìyàn lọ́gbọ́n ní ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà titun máa ń ti háàdì dísìkì wọn pa, kí olè má baà rí inú rẹ̀ kà, orúkọ ìtìpa náà ni BitLocker. Nígbà tí wàhálà bá dé, ẹ̀rọ lè béèrè kọ́kọ́rọ́ kan tí ó ní nọ́ńbà 48. Ẹni tí kò bá ní i, bí háàdì dísìkì rẹ̀ tilẹ̀ le koko, kò lè rí nǹkan kan kà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà titun, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ yìí nísinsìnyí tí ara rẹ̀ dá, ní inú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí i, kí ẹ kọ ọ́ sórí pépà. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà o!

A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kọ̀ǹpútà wọn kò jí nítorí pé Windows 10 “ti parí.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rọ tí ó ní i ṣì ń jí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ààbò rẹ̀ yóò máa dín kù.

Ní ti ẹ̀rọ tí fáànù rẹ̀ ń yí ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ wọ ibi òkùnkùn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán tí ó rọra hàn fírífírí, iná tí ó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ ni ó kú. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yè. Ẹ tún lè fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá jáde níbẹ̀, ẹ da ìwé yín kọ kí ẹ tó ronú àtúnṣe. Bí kò bá sí àwòrán níbì kankan, tí ẹ̀rọ sì ń ké píì-píì tàbí tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ẹ ka iye ìgbà tí ó ké, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè rẹ̀ ni. Àwọn tí ó ṣe é ti fún iye kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀, atúnẹ̀rọ-ṣe tí ó mọṣẹ́ yóò sì fi mọ ẹ̀yà tí ń dùn ún.

Èyí tí ó ń jí tí ó sì ń pa ara rẹ̀, ooru ni ó sábà máa ń ṣe é. Eruku ti dí ihò tí fáànù ń gbà mí, tàbí kí a máa lò ó lórí ibùsùn, tí aṣọ ń bo ihò náà. Ẹ má ṣe fi í sínú oòrùn, ẹ má ṣe fi í sínú ọkọ̀ tí a ti pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dúró kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kí epo tó tán, nítorí nígbà tí epo bá ń tán lọ ni iná rẹ̀ ń fì sókè fì sódò. Bí àrá bá ń sán, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì.

Ewu kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wú, tí ideri rẹ̀ kò pa dé mọ́, tàbí tí ibi tí a ń fi ìka rìn lé ga sókè, bátìrì ni ó wú. Lítíọ́mù tí ó wà nínú rẹ̀ lè gbiná. Ẹ yọ ṣájà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbé e jáde kúrò níbi ẹní àti aṣọ, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má gún un, kí ẹ má sì jù ú sí ààtàn tí a ń dáná sí. Ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ fi í lé. Bí omi bá sì dà sí kọ̀ǹpútà, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ dojú rẹ̀ dé bí àgọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ìrẹsì tí àwọn kan ń rì í sí kò fà á gbẹ, eruku rẹ̀ ni ó ń wọ inú ẹ̀rọ. Omi ọ̀sà burú ju omi kànga lọ nítorí iyọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá kó sí i, ẹ má ṣe tàn án rárá kí a tó tú u wẹ̀.

Bí ó bá wá di dandan pé kí ẹ gbé e lọ fún àtúnṣe, yálà ní ìtòsí yìí, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú, tàbí ní ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Òtìgbà ní Ìkẹjà, tí ẹ ó gba ọ̀nà Itoikin lọ, owó ọkọ̀ nìkan ti tó ohun tí ó yẹ kí ẹ rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ti rí sórí pépà: irú àìjí tí ó jẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó jáde, iye ìgbà tí ó ké. Kí atúnẹ̀rọ-ṣe tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi í léèrè báyìí: “Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ da ìwé inú rẹ̀ kọ fún mi?” Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò tú háàdì dísìkì náà, yóò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò sì da á kọ lójú yín. Ẹni tí ó bá ń bínú sí ìbéèrè yẹn, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀ sí. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ó lè jẹ́ pé èyí tí ẹ gbé lọ ni ẹ ó gbà padà.

Ní ọjọ́ Ẹtì náà, a kò jẹ́ kí bàbá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí a tó da ìwé ìṣirò náà kọ sórí fláàṣì méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́, ọ̀kan wà nínú àpótí bàbá. A tẹ orúkọ àti owó gbogbo wọn sórí pépà, ojú ewé 14. Ní ọjọ́ Sátidé, atúnẹ̀rọ-ṣe kan pààrọ̀ bátìrì rogodo náà níṣojú bàbá, kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, déètì sì dúró. Nígbà tí wọ́n pín èrè ní ọjọ́ Àìkú, pépà náà ni bàbá fi pe orúkọ. Ó ní kí kọ̀ǹpútà sinmi ná.